Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ẹrù tó kàn ń gba àyè nílé lè di owó

Fáànù tẹ́ ẹ ti gbé tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kẹ̀kẹ́ tí ọmọ ti dàgbà jù: ẹnìkan ń wá wọn ládùúgbò yín. Facebook ti ní Marketplace láti ọdún 2016, ìkànnì ìtajà Jiji náà sì wà, àmọ́ lójú tèmi, gúrúùpù WhatsApp àdúgbò ló yá jù, torí olùrà lè fẹsẹ̀ rìn wá wò ó.

Ẹ nu ọjà náà, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú ọ̀sán. Bí apá fáànù bá ti sán, ẹ ya ibi tó sán gan-an. Ẹni tó bá délé yín kó tó rí i, ìdajì owó ni yóò dá lé e. Ẹ fi díẹ̀ lé iye tẹ́ ẹ fẹ́ gbà. Wọ́n á ná an dandan.

Ibi owó ni wàhálà wà. Álẹ́ẹ̀tì ayédèrú pọ̀ níta: àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé, owó ò ní wọlé. Ẹ má gba rìsíìtì orí fóònù olùrà gbọ́. Ẹ ṣí áàpù báǹkì tiyín, kẹ́ ẹ wo iye tó wà níbẹ̀. Bí owó ò bá tíì wọlé, ẹ má jẹ́ kí ọjà kúrò lọ́wọ́ yín, bó ti wù kí oníbàárà máa kánjú tó.