Ẹ̀rọ Gému Tuntun Dé, Owó Gému Tún Gòkè

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí lè dún bí ọ̀rọ̀ eré ọmọdé létí àwọn àgbà wa tí ń ta obì ní Ṣágámù, ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù gému wà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sanwó gbá bọ́ọ̀lù lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀yáwó ṣí irú rẹ̀, iye ẹ̀rọ nìkan ló sábà máa ń gbé wá síwájú ìgbìmọ̀. Gému tí yóò máa rà fún ẹ̀rọ náà ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Nígbà tí PlayStation 4 jáde ní oṣù kọkànlá 2013, 60 dọ́là ni gému tuntun ní Amẹ́ríkà. Dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 160 náírà, nítorí náà gému kan kò tó 10,000 náírà. PlayStation 5 dé ní oṣù kọkànlá 2020; ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe gému fi 10 dọ́là lé owó tiwọn, ó di 70. Ní oṣù kẹfà 2025, Nintendo gbé Switch 2 jáde. Mario Kart World tó bá a jáde, 80 dọ́là! Dọ́là sì ti kọjá 1,500 náírà nígbà náà. Ó lé ní 120,000 náírà nìyẹn, láìka owó ọkọ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù àti èrè ẹni tó kó o wọlé. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Ògùn fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 77,000 náírà. Kò tó ra gému kan ṣoṣo.

Àwọn kan á ní òyìnbó ló ń jẹ wá níyà. Òótọ́ díẹ̀ ni. Láti 60 dọ́là dé 80, ìdámẹ́ta péré ni wọ́n fi kún un. Náírà tiwa tó wálẹ̀ ló sọ ọ́ di ìlọ́po méjìlá.

Ọgbọ́n ọjà kan tún wà níbẹ̀ tí oníṣòwò yóò tètè mọ̀. Bí ẹni tó ń ta àtùpà pọ́ọ́kú kí ó lè jèrè lórí karosíìnì ni wọ́n ń ṣe. Ní 2021 ni Sony tó sọ pé àwọn kò tún pàdánù mọ́ lórí PS5 olówó 499 dọ́là. Orí gému ni èrè wà.

Láyé ijọ́un, ẹni tó bá ní sùúrù a máa jèrè. PlayStation 2 jẹ́ 299 dọ́là ní 2000. Nígbà tó di 2009, ó ti di 99. Ti ìsinsìnyí yàtọ̀: PS5 tó jẹ́ 499 ní 2020, wọ́n sọ ọ́ di 550 ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹjọ 2025. Síbẹ̀, kíkánjú rà á lọ́jọ́ tó bá jáde kò dára. Ní 2020 àti 2021, ẹ̀rọ náà wọ́n bí ojú. Àwọn alárọ́bọ̀ kó o pamọ́, wọ́n sì tà á ní iye tó wù wọ́n. (Àwa tá a mọ ohun tí wọ́n ń fi gàrí ṣe, kò yà wá lẹ́nu.)

Ẹ tún kíyè sí ojú ihò àwo. Oríṣi méjì ni PS5 nígbà tó jáde: èyí tó ní ihò àwo, 499 dọ́là, èyí tí kò ní, 399. Ẹni tó bá ra aláìníhò ìgbà náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Sony nìkan ni yóò ti máa ra gému. Kò lè ra àwo tòkunbọ̀, kò lè yá ti ọ̀rẹ́ lò, kò sì lè ta èyí tó ti sú àwọn oníbàárà. 100 dọ́là tó rò pé òun ṣẹ́ kù, gému méjì péré ti gbé e lọ.

Bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń gbá, ọdọọdún sì ni tuntun rẹ̀ ń jáde. EA Sports FC 26 tó jáde ní oṣù kẹsàn-án 2025 wà fún PS4 pẹ̀lú. PS4 tòkunbọ̀ méjì tó ní pádì gidi ṣì lè bọ́ ṣọ́ọ̀bù kan.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀yáwó fún iṣẹ́ yìí, kó kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù: irú ẹ̀rọ wo, ó níhò àbí kò ní, gému mélòó lọ́dún, epo jẹnẹrétọ̀ èló. Ẹ̀yin onígbọ̀wọ́, ẹ kà á kí ẹ tó tẹ̀ka.