Ọjọ́ kan lórí kẹ̀kẹ́ létí adágún Ahémé

Ní ọ̀dọ̀ wa, ohun èlò iṣẹ́ ni kẹ̀kẹ́. Òun ni a fi ń gbé àgbàdo lọ sí ọjà. Òun ni a fi ń gbé ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ láti fi ojú rí ilẹ̀ àti omi. Ní Benin wa níbí, etí adágún Ahémé dára fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jọ tọ ọ̀nà náà, kí a wo ohun tí àgbẹ̀ lè rí kọ́ níbẹ̀.

Ibo ni Ahémé wà?

Láti ọ̀dọ̀ wa, a óò gba Sakété àti Àjàṣẹ́ dé Kùtónú. A óò kọjá Ouidah, a óò sì dé Comè, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Togo. Ní Comè, a óò yà sí ọwọ́ ọ̀tún lọ sí Possotomè, létí adágún. Ọ̀nà náà jìn. Ọkọ̀ ni kí ẹ wọ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí ẹ sì sùn níbẹ̀.

Adágún Ahémé gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 24. Odò Couffo ń wọ inú rẹ̀ láti àríwá. Ní gúúsù, lẹ́bàá Guézin, omi rẹ̀ ń lọ pàdé ọ̀sà etí òkun. Ní ọdún 2000, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ilẹ̀ olómi tí àdéhùn Ramsar ń dáàbò bò ní gbogbo ayé.

Kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́

Ẹ tẹ táyà méjèèjì wò, bóyá afẹ́fẹ́ inú wọn tó. Ẹ dán ìjánu wò. Ẹ fi òróró díẹ̀ sí ṣéènì. Ẹ mú omi mímu tí ó mọ́, oúnjẹ, àti fìlà tàbí gèlè fún oòrùn.

Ìrìn òwúrọ̀

Ẹ tètè jáde kí oòrùn tó mú. Ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn ń lọ kìlómítà 4 tàbí 5 ní wákàtí kan. Ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè lọ tó 12 láìsáré. Bí ẹ bá kọjú sí Bopa láti Possotomè, ọwọ́ ọ̀tún ni adágún wà. Níbẹ̀ ni oòrùn ti ń yọ. Ẹ óò rí àwọn apẹja nínú ọkọ̀ ojú omi wọn, tí wọ́n ń da àwọ̀n. Epìyà, edé àti akàn wà lára ohun tí wọ́n ń pa. Ní Possotomè, omi gbígbóná ń jáde láti inú ilẹ̀. Wọ́n ń rọ omi Possotomè sínú ìgò tà káàkiri orílẹ̀-èdè wa.

Bí oòrùn bá mú, ẹ dúró lábẹ́ igi. Ẹ má dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ yín kí ẹ tó mu omi. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ẹnì kan, ẹ po ṣíbí kékeré 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ mọ́ lítà 1 omi tí ó mọ́. Ẹ wọn ṣíbí náà dọ́gba, kí ó má kún gègèrè. Kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí ni ó ń ṣe adágún náà?

Adágún yìí kò jinlẹ̀ púpọ̀, erùpẹ̀ sì ń dí i lọ. Wọ́n ti gé igi ẹ̀gbà púpọ̀ létí omi fún igi ìdáná. Láàárín gbòǹgbò igi ẹ̀gbà ni ọmọ ẹja ti ń sá pamọ́. Bí igi bá tán, ẹja kò ní ilé mọ́. Bákan náà, nígbà tí a bá ro oko ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láìfi igi tàbí koríko sílẹ̀, òjò ń wọ́ erùpẹ̀ dúdú lọ sínú omi. Àgbẹ̀ pàdánù ilẹ̀ rẹ̀, apẹja sì pàdánù ẹja rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Massè. Odò Wémè ń ṣàn ní ìwọ̀-oòrùn wa, ó sì ń wọ adágún Nokoué, níbi tí Ganvié wà. Erùpẹ̀ tí òjò bá gbé kúrò ní oko etí odò lè dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ ebè dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ tààrà. Ẹ má sun pòròpórò àgbàdo. Ẹ fi igi sílẹ̀ létí odò.

Ẹ ṣọ́ra fún omi

Omi tútù máa ń wu ẹni tí òógùn bò. Ṣùgbọ́n ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ omi adágún tàbí odò tí kì í ṣàn dáadáa. Àtọ̀sí ajá lè wà níbẹ̀. Bí ó ṣe ń tàn nìyí: ẹni tí ó ní i tọ̀ tàbí yàgbẹ́ sínú omi. Ẹyin kòkòrò náà pa, ó wọ inú ìgbín kékeré inú omi. Láti ara ìgbín, ó jáde, ó gba awọ ara ènìyàn wọlé. Lẹ́yìn náà, ènìyàn lè máa tọ ẹ̀jẹ̀. Bí ọmọ bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe àmì ìdàgbà, àìsàn ni. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ ni praziquantel. Bí ọmọ bá ti tóbi tàbí wúwo sí ni wọ́n fi ń mọ iye tí yóò lò, nítorí náà ẹ má ra á fúnra yín ní ọjà. Ṣáláńgá ni kí gbogbo ilé máa lò.

Kí ọjọ́ tó rọ̀, ẹ yí kẹ̀kẹ́ padà, kí òkùnkùn má bá yín lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó fojú rí Ahémé yóò mọ̀ pé oko àti omi, ilé kan náà ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò

1. Níbo ni òjò ń gbé erùpẹ̀ oko yín lọ?
2. Níbo ni àwọn ọmọ yín ti ń wẹ̀? Ṣé ìgbín wà nínú omi náà?
3. Igi wo ni ẹ lè gbìn létí odò ní ọdún yìí?