Yíyan Rólà Àfọwọ́darí fún Iṣẹ́ Ilé àti Ọ̀nà

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ilé tí a fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì kọ́ pàápàá lè lanu, bí ilẹ̀ tí ó jókòó lé kò bá kì. Erùpẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú ìpìlẹ̀ kún fún àlàfo. Nígbà tí omi òjò bá wọ inú rẹ̀, tí ẹrù ilé sì tẹ̀ ẹ́, yóò rì. Apá kan yóò sì rì ju apá kejì lọ. Ibẹ̀ ni ògiri ti í ya. Nítorí náà, kí a tó da kọnkéré sórí erùpẹ̀, a ní láti tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kì.

Ní ayé àtijọ́, igi ni a fi ń lu ilẹ̀ yàrá títí yóò fi le gbagidi. Lóde òní, ẹ̀rọ ni ó ń ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn ni rólà àfọwọ́darí, èyí tí òṣìṣẹ́ ń rìn tẹ̀lé lẹ́yìn, tí ó sì ń di ọwọ́ rẹ̀ mú. Irin rìbìtì kan tàbí méjì tí ó dà bí àgbá ni ó ń yí lórí ilẹ̀. Nínú àgbá yìí ni ọ̀pá kan wà tí ìwọ̀n rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ̀rọ bá ń yí i, àgbá náà yóò máa gbọ̀n ju ìgbà 3,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Gbígbọ̀n yìí ni ó ń mú kí horo erùpẹ̀ sún mọ́ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí gàrí ti í lọ sílẹ̀ nínú kóńgò nígbà tí a bá mì ín jìgìjìgì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èyí tí ó wúwo jù, tàbí èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ jù, ni ó dára jù. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ilẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ yanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́, àgbá dídán ni ó yẹ ẹ́, nítorí gbígbọ̀n tètè ń to horo wọn. Bí ó bá jẹ́ amọ̀, horo rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, gbígbọ̀n nìkan kò sì tó. Àgbá tí irin kúkúrú yọ lára rẹ̀ bí pátákò àgùntàn ni kí a wá, kí ó lè máa gún un. Nínú ilẹ̀ pupa tí a máa ń lò fún ọ̀nà nílẹ̀ Yorùbá, èyí tí òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀ ń fẹ́ àgbá dídán. Èyí tí amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ń fẹ́ àgbá oní-pátákò. Fún ọ̀nà ọlọ́dà, àgbá dídán tí ó ní táǹkì omi ni a ń lò, kí omi lè máa kán sí i, kí ọ̀dà má baà lẹ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ilẹ̀ ni àyè. Àgbá tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 65 lè kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ilé àti ní ọ̀nà tóóró. Kòtò ìpìlẹ̀ tí kò bá gbà á, ẹ̀rọ tí ń fò gún ilẹ̀ bí ọmọ odó ni ó tọ́ sí i. Títì gbọọrọ sì jẹ́ iṣẹ́ rólà ńlá tí awakọ̀ ń jókòó sí. Bí ilé alámọ̀ àtijọ́ bá wà nítòsí, kí a yan ẹ̀rọ tí a lè dá gbígbọ̀n rẹ̀ dúró, kí ó sì máa yí lásán, kí iṣẹ́ tiwa má baà la ògiri aládùúgbò.

Ẹ̀rọ yòówù tí a bá yàn, ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Fún èyí tí ó wọn nǹkan bí kílò 600 sí 700, kí erùpẹ̀ tí a ń dà lẹ́ẹ̀kan má ṣe nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ. Ẹni tí ó bá dà á dé orúnkún kí ó tó tẹ̀ ẹ́ ń tan ara rẹ̀ jẹ ni: òkè yóò le, ìsàlẹ̀ yóò sì wà bí ó ti wà. Omi pẹ̀lú ní ìwọ̀n. Ní ọdún 1933, Ralph Proctor, ẹnjiníà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ omi ẹ̀rọ ní ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ jáde pé erùpẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n omi tí yóò mú un kì jù. Kí a bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí a fún un: bí ó bá fọ́n ká, ó gbẹ jù; bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, omi ti pọ̀ jù; bí ó bá dì, tí ó sì fọ́ sí bíi méjì nígbà tí a bá ṣẹ́ ẹ, ó tó.

Ní ìparí, kí a má gbàgbé ẹni tí yóò di ẹ̀rọ náà mú. Ẹ̀rọ rere a máa dúró lójú kan náà tí ọwọ́ bá kúrò lára rẹ̀. Èyí tí kò bá dúró lè fún ẹni tí ń fà á sẹ́yìn mọ́ ògiri. Gbígbọ̀n tí ó pẹ́ lọ́wọ́ lè pa ìmọ̀lára ìka, ó sì lè má padà mọ́. Nítorí náà, kí a yan èyí tí a fi rọ́bà ya ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára àgbá, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, kí ó háyà rẹ̀ dípò kí ó rà á. Ṣùgbọ́n kí ó mú kí wọ́n tan án, kí ó sì gbọ̀n lójú rẹ̀, kí ó tó sanwó.

Ènìyàn kì í yin ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ilé. Síbẹ̀, òun ni ó gbé gbogbo ohun tí ojú ń rí ró. Owó àti sùúrù tí a bá ná lé e lórí kì í ṣe òfò.