Kíkúrò ní Windows: ohun tí ẹ̀rọ kì í sọ fúnni

Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft fòpin sí ìtọ́jú Windows 10. Ẹ̀rọ tó ń lò ó kò kú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n àtúnṣe tó ń dí ihò tí olè ń gbà wọlé kò wá fún un mọ́, àyàfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àsìkò. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ ń béèrè èròjà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0; ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2018 ni kò yẹ fún un. Irú wọn ló pọ̀ nínú àlòkù tí à ń rà ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ fún ọ́fíìsì àti ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ìdí nìyí tí orúkọ Linux fi ń dé etí àwọn tí kò gbọ́ ọ rí: ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀rọ tó ti gbó sì lè gbé e.

Àwọn tó ń yìn ín a máa sọ pé kò ju wákàtí kan lọ láti gbé e sórí ẹ̀rọ. Wọn kò parọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Akọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ àtẹ bọ́tìnnì Faransé lórí Windows mọ̀ pé bí òun bá ti tẹ bọ́tìnnì lẹ́tà ńlá, ibi tí é wà yóò máa gbé 2 jáde. Lórí Linux, É ńlá ni yóò rí. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà yóò yọ̀ sí i. Ẹni tó ń tẹ iye owó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò ní yọ̀. Ìwé tó fi lẹ́tà Calibri tò sójú ewé kan ṣoṣo lè ya wọ ojú ewé kejì, nítorí Calibri kì í bá Linux wá. Ìṣirò owó oṣù tó fi macro ṣe nínú Excel lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú LibreOffice. Kò sí ọ̀kan tó tóbi nínú wọn. Àpapọ̀ wọn ló ń sọ àgbà òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú di akẹ́kọ̀ọ́ lójú àwọn ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́.

Ti àwa tí à ń kọ Yorùbá tún yàtọ̀. Kí ètò Unicode tó gbilẹ̀, àwọn kan ṣe lẹ́tà tí wọ́n fi ẹ àti ọ jókòó sí ipò àmì mìíràn. Bí a bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ tuntun láìgbé lẹ́tà náà dání, oríkì tàbí ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ á di àmì tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Nínú Unicode pàápàá, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní: ńṣe ni à ń gbé àmì ohùn lé e lórí lọ́tọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì ń tàn ni kí a yí irú ìwé bẹ́ẹ̀ padà, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà.

Àwọn tó lówó jù wá lọ ti kọsẹ̀ níbẹ̀. Ìlú Munich ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ ètò àtikúrò ní Windows ní 2003; kọ̀ǹpútà tó ju 14,000 ló lọ sórí Linux. Ní 2017 ìgbìmọ̀ ìlú dìbò pé kí wọ́n padà. Ìṣèlú wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀sùn àwọn òṣìṣẹ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gendarmerie ilẹ̀ Faransé gba ọ̀nà mìíràn, èyí tí mo rò pé ó bá wa mu jù. Ní 2005 wọ́n kọ́kọ́ mú OpenOffice wọlé, lórí Windows kan náà. Firefox àti Thunderbird tẹ̀ lé e. Ọdún 2008 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sórí Ubuntu. Nígbà tí ilé yí padà, àga àti tábìlì inú rẹ̀ kò ṣàjèjì mọ́.

LibreOffice wà fún Windows náà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fi oṣù mẹ́ta lò ó yóò ti mọ ibi tí bàtà yóò ti ta á lẹ́sẹ̀. A tún lè gbé Linux sórí clé USB, kí a tan kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀ láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí a fi ẹ̀rọ tí ń tẹ ìwé jáde dán an wò, kí a sì ṣí ìwé Yorùbá kan níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àlòkù ni a fẹ́ rà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á ni kí a ti ṣe èyí, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Kí a sì wo bọ́tìnnì rẹ̀ dáadáa, nítorí lórí èyí tó bá ti Jámánì wá, Z ló máa ń wà níbi tí à ń wá Y sí.