Ajá Mọ Olówó Rẹ̀, Dìgbòlugi Kò Mọ Ẹnì Kan

Ọdẹ tí kò ní ajá ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn, àgbẹ̀ tí kò ní ọkọ́ ni. Ẹni tí ó bá dé Ìjìó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjọwà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí ilẹ̀ wa ti ń súnmọ́ ààlà orílẹ̀-èdè Benin, Dàhòmì àtijọ́, yóò mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ ibẹ̀. Nígbà òjò, koríko a ga ju ènìyàn lọ láàárín igi ẹ̀mí àti igi igbá. Ọ̀yà lè wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ọdẹ kí ó má rí i. Bí ọyẹ́ bá dé, tí koríko gbẹ, tí wọ́n sì dáná sungbó, ehoro àti ọ̀yà a máa sá jáde bí ọfà. Ní ìgbà méjèèjì yìí, imú ajá ni ojú ọdẹ.

Ẹ̀dá méjì tí ó bá ń rin igbó pọ̀, tí wọ́n ń sun àgọ́ pọ̀, tí wọ́n sì ń jẹ nínú ẹran kan náà, kò sí bí ọ̀kan kò ṣe ní gbọ́ èdè èkejì. Ajá kò lè fọhùn, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ni ẹnu. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí ni bí ó ṣe ń fi ìfẹ́ hàn sí olówó rẹ̀, àti ewu tí ń bẹ nínú kí á má mọ̀ ọ́n kà.

Ìrù ni ojú gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń lọ sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ajá tí ó ń ju ìrù ni inú rẹ̀ dùn. Ajá tí ó ki ìrù bọ àárín itan, ẹ̀rù ni ó ń bà á. Èyí tí ó na ìrù sókè ṣanṣan, tí ó rọra ń mì í, ìjà ni ó ń wá. Kí àlejò yáa máa lọ. Èyí tí ó ń jù fún olówó rẹ̀ yàtọ̀: ìbàdí a máa jù pẹ̀lú ìrù, etí a sùn sẹ́yìn, ẹnu a là díẹ̀, gbogbo ara a sì dẹ̀. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Bari ní Ítálì fara balẹ̀ wọn bí ajá ṣe ń ju ìrù. Wọ́n rí i pé bí ajá bá rí olówó rẹ̀, apá ọ̀tún ni ìrù náà ń lọ jù. Bí ó bá rí ajá àjèjì tí ó le, apá òsì ni. Ẹni tí ó bá ní ajá nílé lè dúró sẹ́yìn rẹ̀ kí ó wò ó fúnra rẹ̀. Kò gba owó.

Ojú ni ó tẹ̀lé ìrù. Àwa Yorùbá kì í fẹ́ kí ọmọdé tẹjú mọ́ àgbà, àfojúdi ni. Ajá nìkan ni a kì í bá wí nítorí rẹ̀. Yóò jókòó síwájú olówó rẹ̀, yóò tẹjú mọ́ ọn títí, kò sì sí ìbínú nínú rẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Azabu ní Japan yẹ èyí wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2015. Wọ́n ní bí ajá àti olówó rẹ̀ bá wo ara wọn lójú pẹ́, èròjà kan tí ń jẹ́ oxytocin a máa pọ̀ sí i lára àwọn méjèèjì, èròjà kan náà tí í máa pọ̀ lára ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ìkookò ilẹ̀ òtútù, tí í ṣe ẹbí ajá, kò ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn ni ó tọ́ ọ dàgbà.

Ajá a tún máa lá olówó rẹ̀ lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀ àti lójú. Ọmọ ajá a máa lá ẹnu ìyá rẹ̀ láti fi tọrọ oúnjẹ. Nígbà tí ó bá dàgbà, ènìyàn ni ó ń ṣe é fún. Àwọn mìíràn a sì máa jẹ́ kí ajá lá egbò ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní yóò tètè jinná. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ itọ́ yìí.

Ta ni kò gbọ́ àlọ́ ọdẹ tí ó ní ajá mẹ́ta, Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ọ̀gbálẹ̀gbáràwé? Orí igi ni ọ̀tá ká ọdẹ náà mọ́, àwọn ajá sì wà nílé lọ́hùn-ún. Ó fi orin pè wọ́n ní orúkọ, wọ́n sì dé. Bí a bá wo àlọ́ náà dáadáa, a ó rí i pé ohùn ni ó gba ọdẹ là. Ohùn yìí náà ni ó wà nínú òwe tí ó sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Olóríkunkun ni a ń pa òwe náà fún, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọdẹ ni a fi mọ ọ́n. Nínú igbó tí ọdẹ mẹ́wàá ti ń fọn fèrè, ajá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá yóò mọ ti olówó rẹ̀ yàtọ̀. Ọjọ́ tí kò bá dáhùn mọ́, ọkàn ọdẹ kò ní balẹ̀.

Orúkọ tí a ń sọ ajá gan-an, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ ni nígbà púpọ̀: Tanímọ̀la, Ẹ̀hìnlàárò. Obìnrin tí òun àti orogún rẹ̀ kò rẹ́ lè dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ó máa pe ajá, kí òwe sì dé etí ẹni tí a pa á fún. Ajá ní tirẹ̀ kò mọ̀ pé òwe ni òun. Ó gbọ́ ohùn tí ó fẹ́ràn, ó sáré wá.

Bí ajá bá pa ọ̀yà, tí ebi sì ń pa á, yóò gbé e wá fún olówó rẹ̀. Ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ kò ní gbé ẹran náà dé ilé kí ó tó yọ ti ajá fún un. Ẹni tí ó bá fi ti ajá dù ú, kí ó má retí pé kí ó sá tẹ̀lé òun lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé àwọn tí ń jiyàn bóyá ìfẹ́ ni ajá ní tàbí oúnjẹ ni ó ń wá, iyàn asán ni wọ́n ń jà. Ṣé ọmọ tiwa kì í fẹ́ràn ìyá rẹ̀ láti ibi ọmú ni?

Irú iyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jà lórí Hachikō, ajá kan ní Tokyo ní Japan. Olówó rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hidesaburō Ueno, a máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́, ajá a sì máa lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Shibuya. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1925, ọ̀jọ̀gbọ́n náà kú lójijì. Ajá kò dẹ́kun lílọ sí ibùdókọ̀ náà fún ohun tí ó lé ní ọdún 9, títí òun náà fi kú ní oṣù kẹta ọdún 1935. Àwọn kan ní oúnjẹ tí àwọn èrò ń jù sí i ni ó ń bá lọ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lápá kan. Ṣùgbọ́n oúnjẹ pọ̀ ní ìgboro Tokyo, ibùdókọ̀ kan náà ni ó sì ń lọ.

Ẹnì kan lè bi wá pé, bí a bá fẹ́ràn ajá tó báyìí, èétiṣe tí ó fi jẹ́ ajá ni a fi ń bọ Ògún? Ìbéèrè gidi ni. Ní tèmi, ohun tí kò níye lórí lọ́wọ́ ẹni kò tó fi bọ òrìṣà. Àwọn abọ̀gún lè dáhùn rẹ̀ jù mí lọ.

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé le. Àwọn àgbà kan a máa wí pé, bí ajá bá tilẹ̀ ń sínwín, ó mọ ojú olówó rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ojú iná ni ó mọ̀. Bí a bá pa á fún ènìyàn tí ń fi wèrè bojú ṣe ìkà, òwe náà bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbà á gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ nípa ajá, òwe yìí lè pa á. Ajá tí dìgbòlugi mú kò mọ olówó, kò mọ ọmọ olówó.

Inú itọ́ ni kòkòrò àrùn náà wà. Bí ajá bá buni jẹ, tàbí tí ó lá ojú egbò, kòkòrò náà a gba inú iṣan rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ó lè tó oṣù 2 sí 3 kí ó tó hàn lára ènìyàn, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn a sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ti hàn, tí aláìsàn ń sá fún omi, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni ó ń pa lọ́dún ní gbogbo ayé. Nínú 100 ènìyàn tí ó mú, ajá ni ó kó o ran nǹkan bí 99. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 sì tó nǹkan bí 40 nínú 100 àwọn tí ó ń pa. Àwọn ọmọdé ni ó ń bá ajá ṣeré jù, wọn kì í sì í sọ nílé nígbà tí ó bá fi eyín hà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí èyí: ìwà ajá ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yípadà, kí itọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀. Ajá tí ó ń pàdé olówó rẹ̀ lẹ́yìn odi a lọ fara pamọ́ sí abẹ́ àká. Èyí tí kì í gbà kí àlejò fọwọ́ kan òun a dédé di onífẹ̀ẹ́, a máa lá ọwọ́ ẹni tí ó rí àti ẹni tí kò rí rí. Ohùn gbígbó rẹ̀ a yí, a máa jẹ igi àti iyẹ̀pẹ̀, a máa rìn kiri láìmọ ibi tí ó ń lọ. Lẹ́yìn náà àgbọ̀n ìsàlẹ̀ a já sílẹ̀, kò ní lè gbé omi mì. Níbi yìí ni ìfẹ́ ti máa ń pa olówó ajá: yóò rò pé egungun ni ó há ajá òun lọ́fun, yóò sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ ní ọjọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Kí á má fi ata sí i, kí á má fi epo sí i. Láti ọdún 1885 ni abẹ́rẹ́ yìí ti wà, nígbà tí Louis Pasteur ní ilẹ̀ Faransé kọ́kọ́ lò ó fún Joseph Meister, ọmọ ọdún 9 tí ajá dìgbòlugi bù jẹ, ọmọ náà sì yè. Ọjọ́ ikú Pasteur, ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, ni gbogbo ayé fi ń ṣe ìrántí ọ̀rọ̀ dìgbòlugi.

Ajá fúnra rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀, tí a ń gún un lọ́dọọdún. Bí 70 nínú 100 ajá àdúgbò kan bá gbà á, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà tàn. Ajá ọdẹ ni ó tọ́ sí jù, nítorí òun ni ó ń bá ajáko àti ẹranko mìíràn pàdé nínú igbó, tí ó sì ń padà wá sùn ti ọmọ nílé.

Bí ajá tí ara rẹ̀ dá bá sì bu ènìyàn jẹ, kí wọ́n má sáré pa á. Kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 10, kí dókítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹni tí ó bù jẹ sì máa gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ. Bí dìgbòlugi bá ti wà nínú itọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó buni jẹ, yóò ti hàn lára rẹ̀ kí ọjọ́ 10 náà tó pé. Ẹni tí ó tètè lè rí i ni olówó rẹ̀, nítorí òun ni ó mọ bí ajá náà ṣe ń jẹun, bí ó ṣe ń gbó, àti ìgbà tí ó máa ń ju ìrù.