Iye tí ó lè má sí (ètò kọ̀ǹpútà)

Nínú ìmọ̀ ètò kọ̀ǹpútà, iye tí ó lè má sí jẹ́ irú dátà tí ó ń fi hàn gbangba pé èsì lè wà, ó sì lè má sí. Ní èdè Haskell, Maybe ni orúkọ rẹ̀: Just ni a fi ń mọ èsì tí ó wà, Nothing sì ni èyí tí kò sí. Scala àti Rust ń pè é ní Option. Java fi Optional kún tirẹ̀ ní ọdún 2014.

Ìtàn

Tony Hoare, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi null sínú èdè ALGOL W ní ọdún 1965. Ní ọdún 2009, ó pè é ní àṣìṣe òun tí ó tó bílíọ̀nù kan dọ́là, nítorí pé null a máa dúró ní ipò iye gidi títí ètò yóò fi dá kú lójijì.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ká ní àkójọ kan wà tí ó ní kìkì àwọn ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Fọ́ńkísọ̀n ibile ń gba orúkọ ìlú, ó sì ń dá ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ padà; ibujoko ń gba ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ń dá ibùjókòó rẹ̀ padà. Àmì >>= ni ó so méjèèjì pọ̀:

ibile ilu >>= ibujoko

Bí ìlú náà bá jẹ́ Ìdóàní, ibile yóò dá Just "Ọ̀sẹ" padà, ibujoko yóò gba "Ọ̀sẹ", èsì ìkẹyìn yóò sì jẹ́ Just "Ìfọ́n". Bí ó bá jẹ́ Ìkàrẹ́, tí ó wà ní Àkókó, ibile yóò dá Nothing padà. A kò ní pe ibujoko rárá; Nothing náà ni èsì ìkẹyìn. Bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá tilẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kankan kò ní ṣiṣẹ́. Nípa báyìí, kò di dandan kí ẹni tí ó ń kọ ètò máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bóyá iye wà. Rust ń pe iṣẹ́ yìí ní and_then. FlatMap ni ti Scala àti Java.

Lórí ọ̀pọ̀ iye

Bí orúkọ ìlú bá pọ̀, traverse ń dá gbogbo iṣẹ́ dúró nígbà tí ẹyọ kan kò bá sí. Ní ti mapMaybe, ó ń fo èyí tí kò sí, ó sì ń kó ìyókù jọ. Ẹni tí ó bá fi èkejì ṣe ohun tí ó yẹ kí ó fi èkíní ṣe lè pàdánù ìlú kan láìmọ̀.

Ààlà

Nothing kì í sọ ìgbésẹ̀ tí ó kùnà tàbí ìdí rẹ̀. Níbi tí ìdí bá ti ṣe pàtàkì, Either ni a ń lò ní Haskell, Result sì ni ní Rust. Àwọn náà ń dúró níbi ìkùnà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé àlàyé rẹ̀ dání.