Ìfebipara kọ́ ni ìlera: Ọ̀rọ̀ sísanra àti rírù láàrin Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n lóde òní, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ọwọ́ ara wọn pe ebi wọlé. Kì í ṣe pé oúnjẹ kò sí nílé, kì í sì í ṣe pé wọ́n ń gbààwẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ara wọn lè kéré.

Láti Ìkàrẹ́, kí èèyàn gba Àkùngbá kọjá títí dé Ọ̀kà, ilẹ̀ iṣu ni ilẹ̀ Àkókó. Bí ọmọ bíbí ibẹ̀ bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ara rẹ̀ ni àwọn ẹbí máa ń wò kí wọ́n tó wo ẹrù tó gbé dé. Bó bá sanra, wọ́n á ní ayé gbà á. Bó bá rù, wọ́n á máa wojú ara wọn, ẹni tó bá láyà jù nínú wọn á sì bi í pé, "Ṣé kò sí o? O mà ti rù!" Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti gún iyán fún un.

Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ báyìí. Ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ àgbà ń yìn pé ara rẹ̀ dán, "ọ̀rọ̀bọ̀" ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún oúnjẹ àárọ̀, á máa mu tíì tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé, á sì máa gun òṣùwọ̀n lójoojúmọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé nìkan. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n sọ fún nílé ìwòsàn pé kí wọ́n dín ara kù náà wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn nínú wọn á délé, á ní òun kò tún fẹnu kan iyán mọ́ láéláé, á wá gbájú mọ́ omi àti ẹ̀kọ. Kò ní pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Nígbà tó bá yá, á jẹ iyán tó tó ti èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì máa bínú sí ara rẹ̀.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, ta ló yẹ kí èèyàn gbọ́ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ? Ṣé ẹnu ayé ni, ṣé òṣùwọ̀n ni, àbí ara ẹni gan-an?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà

Ní ọdún 2001, Agbani Darego, ọmọ ìpínlẹ̀ Rivers, gba adé Miss World ní Sun City, lórílẹ̀-èdè South Africa. Òun ni ọmọ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tó gba adé náà. Ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Inú Nàìjíríà dùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń béèrè pé níbo ni ẹwà wà lára ọmọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó báyẹn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2002, ìwé ìròyìn New York Times ti Amẹ́ríkà gbé ìròyìn kan jáde láti Èkó pé láti ìgbà tí Agbani ti gba adé ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń fẹ́ dà bíi rẹ̀, àti pé "lẹ́pa", ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́, ti di ọ̀rọ̀ ìyìn.

Kí àwọn ọmọ òde òní má bàa rò pé àwọn àgbà kò mọ ohun tó dára, ìdí wà tí wọ́n fi fẹ́ràn ara tó kún. Nígbà tí ìyàn lè mú nígbàkigbà, ẹni tó sanra ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́nu. Ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ ata ni wọ́n fi ń tọ́jú ìyá ìkókó kí ara rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Ní Calabar, nílẹ̀ Ẹ́fíìkì, ọmọbìnrin tó fẹ́ lọ sílé ọkọ máa ń wọ yàrá kan, wọ́n á máa bọ́ ọ kó lè sanra, wọ́n á sì máa kọ́ ọ ní iṣẹ́ ilé. Nígbà tí àrùn éèdì wá gbòde, rírù tún di ohun ẹ̀rù. Ní Uganda, "slim" gan-an ni orúkọ tí wọ́n sọ àrùn náà, nítorí bó ṣe máa ń mú ara joro.

Àṣejù wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì. Ní Mauritania, àṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní leblouh. Wọ́n á máa fi ipá fún ọmọdébìnrin ní wàrà àti oúnjẹ kó lè sanra kó tó lọ́kọ, wọ́n á sì fìyà jẹ èyí tó bá kọ̀. Ọmọ tí wọ́n ń fi ipá bọ́ àti ẹni tó ń fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ẹnu ayé, ohun kan náà ló ń ṣe wọ́n: ẹlòmíràn ló ń pàṣẹ fún ikùn wọn.

Ohun tí ebi ń ṣe fún ara

Ìwádìí kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń fi ebi pa ara rẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀. Ní 1944 sí 1945, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń parí lọ, Ancel Keys, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, kó ọkùnrin 36 jọ. Ara wọn le, ọpọlọ wọn pé, àwọn fúnra wọn ló sì gbà láti ṣe é. Fún oṣù mẹ́fà, ó dín oúnjẹ wọn kù dé nǹkan bí ìdajì, títí tí wọ́n fi pàdánù bí ìdámẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe lè tọ́jú àwọn tí ebi ogun ń pa ní Yúróòpù.

Àwọn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bínú lórí ohun tí kò tó nǹkan. Òtútù ń mú wọn. Wọn kò ronú nípa nǹkan mìíràn mọ́ bí kò ṣe oúnjẹ. Àwọn kan ń ka ìwé oúnjẹ sísè láìsinmi, àwọn kan ń lá abọ́. Nígbà tí wọ́n tún fún wọn ní oúnjẹ, àwọn mìíràn jẹ títí, wọ́n ní àwọn kò yó. Kì í ṣe wọ̀bìà ni wọ́n. Ara wọn ló ń gba gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó fi ebi dín ara rẹ̀ kù ni ara rẹ̀ máa ń padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ láàrin ọdún mélòó kan. Tòmíràn á tiẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àwọn tó gba ọ̀nà oògùn náà ti kàgbákò. Ní 1997, wọ́n kó oògùn fenfluramine kúrò lórí igbá ní Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń ba ọkàn jẹ́. Ní 2010, wọ́n dá sibutramine náà dúró ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà nítorí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Tíì tí wọ́n ń tà kiri ọjà ńkọ́? Ewé senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, oògùn ìyàgbẹ́ sì ni senna. Ẹni tó bá gun òṣùwọ̀n lẹ́yìn tó ti yàgbẹ́ títí á rí i pé òun fúyẹ́, ṣùgbọ́n omi àti ìgbẹ́ ló jáde. Ọ̀rá wà níbi tó wà. Àgbàlagbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, tó tún wá ń mu irú tíì yìí, ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu, nítorí èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn fi ń lù déédéé lè dín kù.

Kí èèyàn gbọ́ ti ara rẹ̀

Ní ọdún 1995, obìnrin méjì ní Amẹ́ríkà, Evelyn Tribole àti Elyse Resch, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa oúnjẹ, gbé ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Intuitive Eating. Ohun tí wọ́n sọ nínú rẹ̀ kò le: kí èèyàn jẹun nígbà tí ebi bá ń pa á, kó dáwọ́ dúró nígbà tó bá yó, kó má pe oúnjẹ kankan ní ọ̀tá, kó má máa fi oúnjẹ pa ìbànújẹ́ rẹ́, kó máa lo ara rẹ̀, kó sì bọ̀wọ̀ fún ara tó ní. Wọn kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé á rù.

Àgbàlagbà Àkókó tó bá gbọ́ èyí lè ní kí ló tún jẹ́ tuntun níbẹ̀. Nílé Yorùbá, bí wọ́n bá pe èèyàn sídìí oúnjẹ tí ebi kò sì pa á, "Á gba ibi ire" ló máa fi dáhùn, ọ̀rọ̀ sì parí. Ẹni tó bá ń jẹ lẹ́yìn tó ti yó, wọ̀bìà ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà ló ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Àwọn náà ló ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Wọ́n mọ̀ pé àjẹjù kò dára, wọ́n sì mọ̀ pé ebi kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí àwọn àgbà ti kùnà. Ọmọ tó bá ní òun ti yó, wọ́n á ní kó jẹ ẹ́ tán, pé àwọn ọmọ kan ń wá a kò rí. Àlejò tó bá ní ó tó òun, wọ́n á tún bu iyán kún tirẹ̀. Bó bá kọ̀, ó di ìjà. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ báyìí láti kékeré lè dàgbà tán kó má mọ ìgbà tó yó mọ́.

Iyán kọ́ ni ọ̀tá

Wọ́n ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Kí ló wá dé tí iyán tí àwọn bàbá ńlá jẹ dàgbà fi di ohun tí èèyàn ń sá fún? Iyán kò yí padà, ìrìn ẹsẹ̀ ló yí padà. Àgbẹ̀ ìgbà náà á fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, á kọ ebè, á ru iṣu wálé. Ìyàwó rẹ̀ á sì tún fi apá gún un nínú odó. Ẹni tó ń gun òkè, tó ń sọ̀ òkè ní Ọ̀kà, kò lè ṣe é kó má làágùn. Lónìí, ọ̀kadà ló ń gbé ni dé etí oko, ẹ̀rọ ló ń gún iyán nílé ẹlòmíràn, míńírà àti búrẹ́dì sì ti dé láti fi kún un. Ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ di alẹ́ kò nílò iyán tó tó ti ẹni tó kọ igba ebè.

Nítorí náà, kò pọn dandan kí wọ́n kọ iyán sílẹ̀. Kí iyán inú abọ́ dín díẹ̀, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú ọbẹ̀, kí wọ́n máa se ẹ̀wà déédéé, kí wọ́n sì máa jẹun ní pẹ̀lẹ́. Ó máa ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ikùn tó ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé òun ti yó. Ẹni tó ń kánjú jẹun á ti kọjá ibẹ̀ kó tó mọ̀.

Òṣùwọ̀n náà kò mọ gbogbo nǹkan. Ìṣirò BMI tí wọ́n fi ń sọ pé èèyàn sanra jù, dókítà kọ́ ló gbé e kalẹ̀. Adolphe Quetelet, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Belgium, ló ṣe é láàrin 1830 sí 1840. Ancel Keys kan náà ló fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ ní 1972. Wọ́n á fi gíga ẹni ní mítà lọ́po ara rẹ̀, wọ́n á wá fi iye yẹn pín ìwọ̀n kílò ẹni náà. Ẹni tó ga ní mítà 1.6, tó wọn kílò 80, á ní 31; àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sì ní ẹni tó bá ti dé 30 ti sanra jù. Ìṣirò náà wúlò, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan. Alágbẹ̀dẹ tí iṣan kún apá rẹ̀ lè dé 30 láìsí ọ̀rá púpọ̀ lára rẹ̀.

Kí wọ́n má sá fún ilé ìwòsàn

Èyí kò sọ pé sísanra kò ní ewu. Àrùn àtọ̀gbẹ tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti orúnkún dídùn máa ń pọ̀ lára ẹni tó sanra púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ náà lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó má mọ̀, nítorí àrùn náà kì í sábà fi ara hàn. Ohun tó dára ni kí ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, ì báà sanra, ì báà rù, máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò, ì báà jẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìkàrẹ́ tàbí èyí tó wà ní Ìwárọ̀-Ọ̀kà.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí àwọn àgbàlagbà fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́, ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ tàbí tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ ṣàdédé fo oúnjẹ, nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀, kó sì dákú. Èyí kan ààwẹ̀ pẹ̀lú. Kùránì pàápàá yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kó má gbà á.

Ìkejì, bí ara bá ń rù láìjẹ́ pé èèyàn dín oúnjẹ kù, kí wọ́n má yìn ín, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti jẹjẹrẹ lè bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Ìkẹta, bí dókítà bá ní kí èèyàn dín ara kù, kó béèrè ohun tó yẹ kó máa jẹ àti ìwọ̀n tó yẹ, kó má lọ sílé lọ ti ẹnu pa.

Èyí tó kù di ti ahọ́n. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní ọ̀rọ̀bọ̀ nínú ilé kì í rù nítorí èébú. Ìkọ̀kọ̀ ló máa lọ jẹun. Èyí tí wọ́n ń pè ní eegun lásán náà kì í sanra nítorí ẹ̀fẹ̀. Bí ọmọ bá tún ti ìdálẹ̀ dé sí Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà, kí wọ́n béèrè àlàáfíà rẹ̀ kí wọ́n tó wo ikùn rẹ̀. Kí wọ́n gún iyán fún un bí wọ́n ti ń ṣe. Bó bá sì ní ó tó òun, kí wọ́n gbà pé ó tó o.